Fèrè Tí Mo Kàn Mọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo bá bàbá mi lẹ́nu géètì ilé wa ní Narayi, ní Kaduna. Wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n ti ki bíírò méjì bọ àpò àyà, wọ́n sì ń fa irin géètì bí ẹni tó ń bá a jà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

"Iṣẹ́ ni," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Mo ti pẹ́. Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń dúró dè mí."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, torí bàbá mi fẹ́ràn àwàdà. Mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ wo?" Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n dárúkọ iléeṣẹ́ aṣọ tí wọ́n ti ṣe súpáfáísọ̀ níbi ìhunṣọ. Iléeṣẹ́ náà ti kógbá sílé láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì. Wọ́n ti tú ẹ̀rọ inú rẹ̀ tà fún àwọn onírin àlòkù, koríko sì ti hù bo ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá mu ògì. Wọ́n tẹ̀lé mi, àmọ́ wọ́n ń wẹ̀yìn.

Ẹni tí kò bá gbé apá gúúsù Kaduna nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ aṣọ ṣì ń mí lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Fèrè iléeṣẹ́ ni aago wa. Bí ó bá fọn láàárọ̀, ìyá mi á gbé ìkòkò ògì kaná. Bí ó bá fọn lọ́sàn-án, a mọ̀ pé iléèwé máa tó jáde. Fèrè kan náà ló ń pe àwọn kan wọlé, òun náà ló ń pe àwọn kan jáde. Á bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ bí ìgbà tí màlúù ń kérora, á wá máa ròkè títí gíláàsì fèrèsé á fi máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà làwọn òṣìṣẹ́ á tú sójú títì, òwú funfun lórí wọn, tí wọ́n ń po Hausa mọ́ Yorùbá mọ́ oríṣiríṣi èdè apá ibẹ̀. Ọjọ́ tí fèrè yẹn kò fọn mọ́, ọ̀pọ̀ ilé ni kò dáná.

Dókítà sọ fún wa pé àìsàn ìgbàgbé ló ń ṣe Bàbá, pé kò sí oògùn tó máa mú un kúrò, pé ká ṣáà máa ṣọ́ wọn kí wọ́n má máa dá jáde. Ó rọrùn lẹ́nu dókítà. Ilé wa kò jìnnà sí títì ńlá, ojú irin rèlùwéè wà níwájú, odò sì wà lẹ́yìn ìyẹn. Ní àwọn ọdún yẹn pàápàá, bí àgbàlagbà bá jáde tí kò wálé, ọkọ̀ nìkan kọ́ là ń bẹ̀rù. Wọ́n ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà, àwọn kan ò sì padà mọ́. Bàbá mi ò rántí nọ́ńbà fóònù kankan. Ẹni tó bá bi wọ́n ní ilé wọn, ọ̀nà Iléṣà tí wọ́n ti wá nígbà èwe ni wọ́n máa júwe fún un. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé bí wọ́n bá kọjá oríta láìsí ẹni lẹ́yìn wọn, ó ṣeé ṣe ká má rí wọn mọ́ láyé.

Èmi nìkan sì ni ọmọ tó kù nílé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà l'Ékòó àti l'Abuja, wọ́n ń fi àdúrà ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo ní ká ra àgádágodo sí ilẹ̀kùn àbájáde. Ìyá mi gbé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ àlùbọ́sà kalẹ̀.

"Kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ mi?" ni wọ́n bi mí. "Bí adìẹ tí Kérésìmesì ń bọ̀ wá bá? Ta ló kọ́ ilé yìí?"

"Màmá, ààbò wọn ni mò ń wá."

"Wá ààbò míì. Mi ò ní í sọ wọ́n di ẹlẹ́wọ̀n nínú ilé tí wọ́n fi òógùn ojú wọn kọ́. Haba! Kí la máa sọ fún àwọn ará ìlú wa?"

Ó tán síbẹ̀. Nínú ilé tiwa, kò sí ọmọ tó máa fi kọ́kọ́rọ́ sápò kí bàbá rẹ̀ máa bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣílẹ̀kùn. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama aládàáni kan. Ní sáà yẹn, iléèwé ra páálí kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń to ẹ̀rọ kékeré tó máa ń dáhùn bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án tàbí bó bá kọjá níwájú rẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ kọ́ wọn gan-an, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fojú rí i. Inú páálí náà ni mo ti bá bọ́ọ̀dù aláwọ̀ búlúù kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òun ni ọpọlọ gbogbo rẹ̀. Pátákó kan wà níbẹ̀ tó kún fún ihò wínníwínní, tí a ń ki wáyà bọ̀ láìlo òjé. Àwọn iná tíntìntín wà, bọ́tìnnì wà, ohun dúdú kan tó ń dún píì wà, sẹ́ńsọ̀ kan sì wà tí orí rẹ̀ funfun rìbìtì bí ìdajì ẹyin adìẹ.

Mo gbé páálí náà wálé, mo tò ó sórí tábìlì oúnjẹ. Iná ni mo kọ́kọ́ tàn. Ó tàn yẹ̀rì, ó sì jó, torí mo gbàgbé láti fi ohun tó ń dín agbára iná kù sáàárín. Mo fi òmíràn síbẹ̀. Nígbà tí ìyẹn tàn, tó ń ṣẹ́jú bí mo ṣe fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́ fún bọ́ọ̀dù pé kó máa ṣẹ́jú, mo pariwo bí ọmọdé. Mo wá kan sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọn. Ooru ara ni sẹ́ńsọ̀ náà ń gbà. Kì í ya àwòrán. Kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, kò mọ ẹni tó ń wọlé yàtọ̀ sí ẹni tó ń jáde. Kò mọ̀ ju pé nǹkan gbígbóná kan ti kọjá níwájú òun. Bí ó bá ti rí i, á sọ fún bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù á sì ṣe ohun tí mo bá ní kó ṣe. Mo ní kó dún.

Mo wo ohun tó wà níwájú mi, mo wo ilẹ̀kùn àbájáde, mo wo Bàbá tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń ṣa òwú tí kò sí lára ṣòkòtò wọn. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. A ò ní í ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ni á máa ké sí mi.

Mo kàn án mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ kejì. Mo fi iná pupa kan sí ẹ̀gbẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó máa ń tàn bí ó bá ti rí ènìyàn. Bàbá wá dúró lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbójú sókè, iná náà sì tàn.

"Ta ló ń wò mí?" ni wọ́n béèrè.

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Aago ilẹ̀kùn ni."

"Ó ń wò mí," ni wọ́n wí. Wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n sì ṣí fìlà fún un, bí wọ́n ṣe máa ń ṣí i fún ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ohun tí ojú rẹ̀ pọ́n tí kò sì ní ìpéǹpéjú, àwọn ò fẹ́ràn rẹ̀.

Àmọ́ ó ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ohun dúdú yẹn dún píì, mo sáré jáde, mo bá Bàbá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá ìjọ ní orí mi pé. Èmi náà gbà fún wọn pé orí mi pé.

Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé ohùn rẹ̀ kéré. Bí ará ilé kejì bá ti tan jẹnẹrétọ̀, mi ò ní í gbọ́ nǹkan kan. Mo lọ sí Panteka, ọjà tí a ti ń rí irin, wáyà, àti gbogbo ohun tí wọ́n bá tú lára ọkọ̀, mo sì ra fèrè ńlá kan, irú èyí tó máa ń ké bí olè bá fọwọ́ kan mọ́tò. Bọ́ọ̀dù kò lágbára tó láti gbé e, ni mo bá fi bátìrì ọkọ̀ sí i, mo fi swíìṣì kékeré kan sáàárín tí bọ́ọ̀dù á máa tẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo dán an wò. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ó ròkè, ó sì dúró lókè níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó wálẹ̀. Àwọn ajá àdúgbò hu. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé òkú pàápàá á gbọ́ eléyìí.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Tẹ́lẹ̀, Bàbá lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìdárúkọ iṣẹ́. Nígbà tó yá, kò sí ọjọ́ tí wọn ò múra. Ìyá mi a máa lọ sí àdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́. Bí wọ́n bá ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà, fèrè á ké, èmi á dìde láti pa á. Kí n tó padà dé yàrá, Bàbá á ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, fèrè á sì tún ké. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo gbọ́. Ohun tójú ń wá lojú ń rí: wàhálà ni mò ń ṣọ́, wàhálà náà ni mo sì ń rí, mo wá rò pé rírí tí mò ń rí i ni oògùn rẹ̀.

Bàbá ń rù. Wọn kì í jókòó jẹun tán mọ́. Bí wọ́n bá fi ṣíbí bu oúnjẹ, etí wọn á wà níbòmíràn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ fọ́nrán tó já lórí ẹ̀rọ àti ẹni tó yẹ kó so ó. Ọwọ́ wọn gbóná nígbà gbogbo. Mo wá ra sẹ́ńsọ̀ kejì, mo fi í sí ẹnu géètì. Bí ewúrẹ́ bá kọjá, ó ń ké. Bí atẹ́gùn gbígbóná bá gbá kọ́tìnì, ó ń ké. Mò ń yí i sọ́tùn-ún, mò ń yí i sósì, mò ń dín bó ṣe ń ríran jìnnà kù, mò ń yọ wáyà, mò ń ki wáyà. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀rọ, ẹ̀rọ inú ilé mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá kan ń gbé lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa, ará apá Kafanchan. Ọkọ wọn bá bàbá mi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aṣọ kó tó kú. Hausa la jọ ń sọ. Wọ́n wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọn ò jókòó, wọn ò gba omi.

"Wannan abin naki, ki kashe shi," ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí n pa ohun tí mo gbé kọ́ yẹn.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú sí ariwo rẹ̀, pé nítorí Bàbá ni. Wọ́n ní ariwo kọ́. Wọ́n ní bí ó bá ti ké, ara àwọn máa ń bù máṣọ, àwọn á sì lọ dúró sójú fèrèsé láti máa wo ojú ọ̀nà, àwọn ò sì mọ ẹni tí àwọn ń wò. Wọ́n wo òkè ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n mi orí, wọ́n lọ. Mo bínú sí wọn. Mo ní àwọn àgbà wọ̀nyí, bí wọn ò bá rí iwin nínú nǹkan, wọn ò ní í sùn. Síbẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti lọ ni ìbẹ̀rù kan ti jókòó sí mi láyà, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní Sátidé kan, mo jókòó kọjú sí Bàbá ní pálọ̀. Màmá ti lọ sí ọjà. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ti kú, torí iná ilé ni bọ́ọ̀dù rẹ̀ ń lò, mo sì ń ṣọ́ ilẹ̀kùn fúnra mi, bí a ṣe máa ń ṣe bí kò bá sí iná. Bàbá fara balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ń mu tíì. Wọ́n pè mí ní orúkọ mi, ohun tí wọn ò ṣe láti ìgbà pípẹ́, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Omi lé sí mi lójú. Mo ní, "Mo ti jẹun, sà." Wọ́n ní kí n máa jẹun dáadáa, pé mo ti ń rí pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Iná dé lójijì. Bí sẹ́ńsọ̀ yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kì í tètè fara rọ. Ó máa ń rí ohun tí kò sí. Kò sẹ́ni tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ sí atẹ́gùn. Ojú pupa yẹn tàn, fèrè sì bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ó ń ròkè.

Bàbá gbé ife kalẹ̀. Ojú tí wọ́n fi ń wò mí ti lọ, òmíràn ti wà níbẹ̀. Wọ́n na ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ àga.

"Fèrè ti fọn," ni wọ́n wí. "Ṣíífù ọ̀sán. Bá mi wá bíírò mi."

Gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn padà wá sí mi lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan: Màmá jáde, fèrè ké, Bàbá dìde. Ewúrẹ́ kọjá, fèrè ké, Bàbá dìde. Mo ti rò pé Bàbá ń jáde ni fèrè fi ń ké. Fèrè ló ń ké tí Bàbá fi ń jáde. Ohun tí mo kàn mọ́lẹ̀kùn láti dá wọn dúró ló ń pè wọ́n lọ, èmi sì ni mo sọ ohùn rẹ̀ di ńlá.

Mo fò dìde, mo fa wáyà já. Mo tú fèrè, bọ́ọ̀dù àti sẹ́ńsọ̀ kúrò lára ògiri, mo dà wọ́n sínú báàgì iléèwé mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo ní, "Ẹ jókòó, sà. Kò sí iṣẹ́ lónìí, ọlidé ni." Wọ́n jókòó. Wọ́n tilẹ̀ gbé ife tíì wọn padà. Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo lọ sẹ́yìn ilé láti ká aṣọ tí mo sá, torí eruku ọyẹ́ ti ń fẹ́. Etí mi wà lẹ́nu ọ̀nà, bó ṣe ti mọ́ mi lára. Mò ń retí pé bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, fèrè á sọ fún mi. Kò sóhun tó dún. Nígbà tí mo wọlé, ife tíì nìkan ló wà lórí tábìlì, géètì sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Mo gbé báàgì kọ́ èjìká torí fóònù mi wà nínú rẹ̀, mo sì sáré jáde láìwé gèlè. Mo kọ́kọ́ wá wọn káàkiri àdúgbò, mo dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo dé ilé àwọn ará ìjọ, mò ń pariwo lójú ọ̀nà bí wèrè. Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí mo bá oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ní oríta tó mọ̀ wá dáadáa.

"Ai, Baba ya ce kamfani zai je," ni ó wí. Ó ní Bàbá sọ pé iléeṣẹ́ ni àwọn ń lọ, pé òun fẹ́ gbé wọn, wọ́n ní àwọn á yára dé bí àwọn bá fẹsẹ̀ rìn. Kò sí ohun tó jọ ọ́ lójú. Ta ló máa dá àgbàlagbà tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun dúró lójú ọ̀nà?

Mo wọ inú kẹ̀kẹ́ náà, mo ní kó máa sáré. Mò ń wo inú gọ́tà, mò ń wo ẹ̀bá títì. Àwọn kan pé jọ lẹ́bàá ojú irin, mo ti ń bọ́ sílẹ̀ kí n tó rí i pé ìrèké ni wọ́n ń rà. Mo bẹ Ọlọ́run. Mo ní bí ó bá jẹ́ kí n bá wọn láàyè, mi ò ní í fọwọ́ kan wáyà mọ́.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan ń ṣọ́ géètì iléeṣẹ́ náà, ó jókòó lórí táyà, rédíò kékeré wà létí rẹ̀. Ó ní ọ̀gá kan wọlé ní ọ̀sán. Ó ní ọ̀gá náà bá òun wí pé òun ò de bọ́tìnnì òun, òun sì ṣí géètì fún un, torí bí ó ṣe sọ̀rọ̀, ó jọ ẹni tó ni ibẹ̀. Nígbà tí mo ní kó mú mi wọlé lọ wá wọn, ó fà sẹ́yìn. Ó ní nígbà tí wọ́n hú ẹ̀rọ inú yẹn, kòtò ni wọ́n fi sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀, omi sì wà nínú àwọn kan. Ó ní ewúrẹ́ kan já sínú ọ̀kan láìpẹ́, àwọn ń gbọ́ igbe rẹ̀, àwọn ò rí ibi tó wà, títí kò fi ké mọ́.

Ó bá mi dé ẹnu ilẹ̀kùn ibi ìhunṣọ. Inú rẹ̀ gbòòrò ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, ó sì ti ṣú. Mo pè, "Bàbá!" Ohùn mi lọ, ó padà wá bá mi. Mo tún pè. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lọ́nà jíjìn, jẹ́jẹ́, á rìn, á dúró, á tún rìn. Bàbá ń yẹ ẹ̀rọ wò. Wọ́n ń kọjá láàárín àwọn kòtò yẹn nínú òkùnkùn, wọ́n ń dúró síwájú ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọn ò ní í dá mi lóhùn, torí níbi tí wọ́n wà yẹn, wọn ò tíì bí mi.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n lè gbọ́, ó sì wà nínú báàgì mi. Mo bẹ̀rù rẹ̀ ju kòtò lọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ bí ìpè ìparí iṣẹ́, wọ́n á jáde. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ bí ìpè iṣẹ́, wọ́n á túbọ̀ wọ inú lọ, kíákíá sì ni wọ́n máa rìn. Mi ò mọ èwo ni. Mo dúró síbẹ̀ tí fèrè wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí òkúta kan já sínú omi lókèèrè, mi ò sì lè dúró mọ́.

Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, kó ṣí ibi tí bátìrì wà. Kò sí sẹ́ńsọ̀, kò sí bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé wáyà lé bátìrì. Fèrè bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, ó ròkè, gbogbo páànù òrùlé ń dá a lóhùn. Àwọn ẹyẹ tú jáde lórí wa. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì gbé ọwọ́ lérí, ó ń ké "Innalillahi." Mo yọ wáyà. Ẹsẹ̀ yẹn ti dúró. Ó pẹ́ tí kò fi sóhun tó mì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ tó tún ń bọ̀, jẹ́jẹ́, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, bí ẹni tó ń gba ọ̀nà tó ti gbà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bàbá mi jáde síta, eruku lára ṣẹ́ẹ̀tì wọn, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan.

Mo fẹ́ rọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n na ọwọ́ pé kí n dúró. Wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n kọjú sí inú òkùnkùn yẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn tó ń jáde.

"Sannu da aiki," ni wọ́n ń wí. Ẹ kú iṣẹ́. "Sai gobe." Ó dọ̀la. Wọ́n bi ẹnì kan nípa ọmọ tuntun. Wọ́n ní kí ẹnì kan lọ tọ́jú ikọ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ohun tí ẹnì kan sọ. Kò sẹ́ni tó kọjá. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ti padà lọ sídìí táyà rẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ kò sì gbójú sókè. Èmi dúró títí Bàbá fi dákẹ́.

"Ṣé wọ́n ti tán, sà?"

"Ó ku ẹnì kan," ni wọ́n wí.

"Ta ni?"

"Súpáfáísọ̀." Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, kí ẹni tó wà nínú má baà gbọ́. "Ará Iléṣà ni. Ara rẹ̀ ò dá láìpẹ́ yìí, ó ń gbàgbé nǹkan. Mi ò lè fi í sílẹ̀ sínú òkùnkùn. Jọ̀ọ́, lọ pè é wá. Sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí."

Mo wo ojú bàbá mi, mi ò rí àwàdà níbẹ̀, àánú ẹni yẹn ló ń ṣe wọ́n. Mo wọ inú ibẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti ògiri níbi tí wọn ò ti lè rí mi, mo ki ìka sẹ́nu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi. Nígbà tí mo rí i pé mo lè sọ̀rọ̀, mo jáde.

"Wọ́n ní kí ẹ máa lọ, sà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn."

Bàbá rò ó wò. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ó mọ ilé." Wọ́n fún mi lọ́wọ́ wọn, a sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Wọn ò jáde mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Kò sí nǹkan kankan lórí ẹnu ọ̀nà wa mọ́, ilẹ̀kùn kò sì ní àgádágodo. Láràárọ̀, wọ́n máa ń gbé àga síta, wọ́n á kọjú sí géètì, wọ́n á bi mí bóyá súpáfáísọ̀ yẹn ti dé. Mo máa ń ní ó kù díẹ̀. Màmá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara Bàbá ti balẹ̀. Èmi ò lè bá wọn ṣe àmín, torí mò ń bẹ̀rù àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá máa dìde lórí àga yẹn láti lọ ṣí géètì fún un.